Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Ní Olórí

Lábíkẹ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè nípa ọjọ́ tó gbé kúlà òfìfo lọ sí Òṣogbo, tó sì gbé e bọ̀ ní òfìfo.

Òun ni ọ̀gá láàbù ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lórí òkè ní Iléṣà. Lọ́jọ́ náà, obìnrin olùkọ́ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. O nẹ́gétíìfù ni, èyí tí kì í gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn mọ́ra àfi irú tirẹ̀ gan-an. Lábíkẹ́ pe gbogbo láàbù tó mọ̀. Zulkifli, tó jẹ́ ọ̀gá láàbù ní ilé ìwòsàn aládàáni ńlá kan ní Òṣogbo, ló dá a lóhùn rere.

"Ó wà, Àǹtí. Àpò méjì. Mo ti yà á sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ máa bọ̀."

Lábíkẹ́ kò tún pe ẹlòmíràn mọ́. Ó kó sínú mọ́tò, ó sáré dé Òṣogbo. Nígbà tó wọlé, Zulkifli kò lè wò ó lójú. Ó ní wọ́n ti gbé ẹ̀jẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Lábíkẹ́ bú u níwájú gbogbo èrò tó jókòó síbẹ̀, kò sì dúró gbọ́ àlàyé kankan. Kí ó tó padà dé Iléṣà, olùkọ́ ti kú.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá dárúkọ Zulkifli, Lábíkẹ́ á ní, "Ẹlẹ́nu méjì yẹn?" Zulkifli náà kò jẹ́ gbàgbé èébú tó jẹ níwájú àwọn aláìsàn tirẹ̀. Kì í sì í ṣe àwọn méjèèjì nìkan. Gbogbo láàbù tó wà láàárín Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń fi ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ fún ara wọn. Wọ́n á pè ọ́, wàá ní kò sí, fìríìjì rẹ sì kún. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọdún méjì kọjá báyìí. Ni Bàbá Fákúnlé bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Bàbá yìí ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níṣẹ́ láàbù kí ó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ṣí láàbù kékeré tirẹ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Láàbù méje ló péjọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tirẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé òun ló pè wọ́n, kò sí ẹni tó lè kọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ní ìwé kan tí gbogbo wa á máa wò lórí fóònù," bàbá náà sọ. "Àpò ẹ̀jẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀, kó béèrè níbẹ̀."

"Ta ni yóò máa tọ́jú ìwé náà?" Lábíkẹ́ béèrè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àwọn ará Iléṣà ní bó bá wà lọ́wọ́ ará Òṣogbo, ará Òṣogbo nìkan ni yóò máa rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Àwọn ará Òṣogbo ní ṣé kí wọ́n wá gbé e lọ sí Iléṣà, kí àwọn yẹn sọ ọ́ di ogún bàbá wọn? Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé e fún ìjọba, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ rín láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ Bàbá," Zulkifli dá a lábàá.

Bàbá Fákúnlé mi orí. "Èmi náà ní ọmọ, mo ní àna, mo ní ọ̀rẹ́ tó lè wá sunkún sí mi lọ́rùn. Ẹ má fi í sí mi lọ́wọ́."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tiwalolúwa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìlànà iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ti jókòó sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn.

"Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin bùọ̀dá mi, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Gbogbo yín lẹ jọ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á wà lọ́wọ́ láàbù kọ̀ọ̀kan, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì yí lórí ọ̀kan á dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù."

"Bí tèmi bá sọ pé èmi ni mo ni àpò ẹ̀jẹ̀ kan," Lábíkẹ́ wí, "tí ti ẹlòmíràn sọ pé òun ni ńkọ́?" Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ẹni tó ń bá wí.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà dání." Tiwalolúwa pín in fún wọn. "Ẹ kọ orúkọ àwọn láàbù tí ẹ lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́."

"Ṣé dandan ni kí n kọ orúkọ ẹni tí n kò gbà gbọ́?"

"Kì í ṣe dandan rárá, mà. Ìwé yìí kò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn ara yín."

Lábíkẹ́ kọ tirẹ̀. Zulkifli fi ọwọ́ bo bébà tirẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìdánwò. Nígbà tí Tiwalolúwa gbà á tán, ó ya òbìrìkìtì méje sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ó fi ìlà so ẹni tó gba ẹnìkan gbọ́ mọ́ ara wọn. Ẹnu ya wọn. Ìlà àwọn ará Iléṣà yí ká ará Iléṣà, ti Òṣogbo yí ká Òṣogbo. Kò sí ìlà kan tó kọjá láàárín.

"Ẹ wò ó," ọmọbìnrin náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bó ṣe rí yìí, Iléṣà lè fohùn ṣọ̀kan pé aláìsàn tiwọn ló ni àpò kan, kí Òṣogbo náà fohùn ṣọ̀kan pé tiwọn ni. Òótọ́ méjì lórí àpò kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́dọ̀ pàdé ara yín níbì kan. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ mẹ́rin, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wá láti òdìkejì. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin tẹ́ ẹ yàn bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn náà ní mẹ́rin tiwọn tí wọ́n ń wò. Báyìí ni yóò ṣe máa ràn kálẹ̀ títí gbogbo yín á fi dórí ohun kan náà. Bó bá ti débẹ̀, kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà ní fìríìjì rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gùn, wọ́n ń béèrè, ó ń dáhùn. Nígbà tó yá, orúkọ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ni Bàbá Fákúnlé fúnra rẹ̀. Èkejì ni Sístà Cecilia, obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń ṣe àbójútó ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìjẹ̀ṣà ni ibùdó rẹ̀, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló dàgbà sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Lábíkẹ́ kọ àwọn méjèèjì. Ó fi Awóyẹmí ti Ìwàrà kún un, àti Níyìọlá, tó ni láàbù ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òṣogbo. Kò kọ Zulkifli. Zulkifli kò kọ ọ́.

"Bí mẹ́ta kò bá pé ńkọ́?" ó tún béèrè.

"Ẹ ó dúró, mà."

"Aláìsàn kì í dúró, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n kí ìwé yìí pẹ́ sàn ju kó purọ́ fún yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì dájú, á máa wá ọ̀nà mìíràn kún un."

Lábíkẹ́ gbé bébà tirẹ̀ fún un. Olùkọ́ yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ká ní ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀jẹ̀ Òṣogbo kò dájú ni, ì bá ti rán ẹnìkan lọ wá a ní Ifẹ̀, Ifẹ̀ kò jìnnà.

Bí Ìwé Ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Lábíkẹ́ ń lò ó, ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun tó wà ní fìríìjì Zulkifli.

Ó wá di oṣù kẹjọ, ní ọjọ́ kan tí àwọn èrò ọdún Ọ̀ṣun kún gbogbo títì Òṣogbo. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, wọ́n gbé Julianah wọ ilé ìwòsàn Lábíkẹ́. Oko lẹ́bàá Ìwàrà ni wọ́n ti gbé e wá, níbi tí ọkọ rẹ̀, Ọdúntán, ti ń gbin kòkó àti obì. Ó ti bí ọmọbìnrin kan láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́, ó fi omi sí i lára, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábíkẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ó wò ó.

O nẹ́gétíìfù.

Ó ṣí Ìwé Ẹ̀jẹ̀. Nínú láàbù méjèèje, àpò méjì péré ló wà. Ọ̀dọ̀ Zulkifli ni.

Ó béèrè fún méjèèjì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó rán dẹ́rẹ́bà ilé ìwòsàn sí Ifẹ̀ pé kó lọ wò bóyá ó lè rí nǹkan níbẹ̀. Orí fóònù, ìbéèrè rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ó ń dúró. Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́kọ́ dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Fákúnlé tẹ̀lé e: bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ẹyọ kan. Níyìọlá ló kàn, ohun tó sì sọ ni pé rárá, ẹlòmíràn ló béèrè àpò méjèèjì.

Ẹlòmíràn wo? Lábíkẹ́ wò ó dáadáa. Ìbéèrè kejì ti wọlé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tirẹ̀, láti ilé ìwòsàn Zulkifli gan-an.

"Wọ́n tún ti dé," ó sọ láàárín eyín rẹ̀.

Ó pe Awóyẹmí ní Ìwàrà, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú mẹ́rin rẹ̀. Fóònù kò lọ. Ó tún un pè. Kò lọ.

Dókítà yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ti kan ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. "Àǹtí Lábíkẹ́, báwo la ṣe ń ṣe é?"

"Kò tíì dájú," ni Lábíkẹ́ wí. "Mo ti rán èèyàn sí Ifẹ̀. Ẹ bá mi dì í mú."

Ó jókòó, ó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo omi orí iná. Ọdúntán jókòó sórí ilẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ọmọ tuntun wà lórí itan rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ìkọkànlá.

Fóònù dún. Ìwàrà: bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mẹ́ta ti pé, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń di àwọ̀ ewé, títí kan ti Níyìọlá, nítorí àwọn tí òun náà ń wò ti gbà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan jáde: Ó parí.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Orí fóònù lèyí wà, ta ni yóò gbé e jáde ní fìríìjì? Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó pe Zulkifli. Ariwo afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Àǹtí, mo ti wà lórí ọ̀kadà!" Zulkifli ń pariwo. "Mọ́tò kò lè kọjá láàárín èrò. Kúlà wà lórí itan mi. Ẹ má bẹ̀rù, mo ń bọ̀!"

Ó dé kí aago mẹ́ta tó lù, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀. Wọn kò kí ara wọn. Lábíkẹ́ gba kúlà, àwọn méjèèjì sì jọ dúró sídìí tábìlì kan, wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà bá ti Julianah mu. Ó mu. Dókítà so àpò kìn-ín-ní kọ́. Nígbà tí èkejì fi lọ dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ ti dá, Julianah sì la ojú, ó béèrè omi, ó béèrè ọmọ.

"Alihamdulilahi," Zulkifli sọ, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́rídọ̀. Lábíkẹ́ bu omi tútù fún un. Ó mu ún tán.

"Ọ̀gá wa, ẹni tó ni ilé ìwòsàn, ló fẹ́ gbà á," ó sọ níkẹyìn. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́la, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ bóyá ọ̀ràn lè yí. Bóyá lásán o. Ó fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì tẹ Àǹtí Níyìọlá láago pé kí wọ́n gbè é. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi pé kí n pa tiyín rẹ́."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo gbé fóònù fún un. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ wò ó. Bí mo bá pa á rẹ́ lórí tèmi, ó wà lórí ti àwọn mẹ́fà yòókù. Gbogbo wọn ló ti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yìí ń lọ.' Ó wò ó títí, ó dá fóònù padà fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ." Zulkifli yí ife omi náà lọ́wọ́. "Lọ́jọ́ ti olùkọ́ yẹn, òun náà ló gbà á lọ́wọ́ mi, Àǹtí. Mo ti yà á sọ́tọ̀ lóòótọ́. Mo di ilẹ̀kùn fìríìjì mú. Ṣùgbọ́n ẹnu èmi nìkan ni nígbà yẹn. Ẹnu ẹnìkan kò tó."

Lábíkẹ́ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn ń kọjá lójú rẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Mo bú yín níwájú èrò," ó sọ.

"Ẹ̀tọ́ yín ni."

"Kì í ṣe ẹ̀tọ́ mi. N kò jẹ́ kẹ́ ẹ la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun ti òní, ẹ ṣeun ti ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ dì mú lọ́jọ́ yẹn tí n kò mọ̀."

Zulkifli fi apá aṣọ nu ojú, ó ní eruku ọ̀nà ló wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ tí Julianah máa padà sílé, Ọdúntán wá bá Lábíkẹ́ ní láàbù. "Àǹtí, wọ́n ní ohun kan ló wà lórí fóònù tó wá ẹ̀jẹ̀ rí fún ìyàwó mi. Ta ni olórí rẹ̀, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un?"

"Kò ní olórí, bàbá ọmọ."

Ọkùnrin náà ronú. "Nǹkan tí kò lólórí, báwo ló ṣe dúró?"

Lábíkẹ́ là á yé e bó ṣe lè ṣe é. Ọdúntán gbọ́, ó ka ìka rẹ̀. "Ibi méje nìyẹn. Mo máa dé méjèèje. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ó kó odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì kún bùtù mọ́tò Lábíkẹ́, òun àti Julianah àti ọmọ sì wọ mọ́tò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìwàrà. Awóyẹmí fi orí táǹkì omi hàn wọ́n, níbi tó gùn dé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ọdúntán dọ̀bálẹ̀ gbalaja sídìí táǹkì náà, àwọn ará àdúgbò sì pé jọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo, Lábíkẹ́ ní kí wọ́n fo ọ̀dọ̀ Níyìọlá.

"Wọ́n wà nínú méje tàbí wọn kò sí?" Ọdúntán béèrè.

"Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n rárá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ."

"Wọ́n padà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Níyìọlá, àgbà obìnrin tó wọ awò, gbọ́ ìdí tí wọ́n fi wá. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Julianah, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ọ̀gá yẹn ló ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí wa," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ má bínú, ọmọ mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó sì kọ̀, kò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí Ọdúntán fi gbé e sẹ́nu ọ̀nà tó sì sá lọ sínú mọ́tò.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n dé kẹ́yìn, ní ọjọ́ kejì. Sístà Cecilia wà lẹ́yìn ilé nínú ọgbà ẹ̀fọ́. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í.

"Ṣé nítorí ìyẹn lẹ fi rin gbogbo ọ̀nà yìí? Mo ń já tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ni fóònù dún. Mo nu ọwọ́ mi, mo kà á, mo rí i pé tiyín ló kọ́kọ́ dé, mo tẹ̀ ẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìyẹn náà ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀," Ọdúntán dá a lóhùn. "Pé ẹ nu ọwọ́, pé ẹ kà á."

Lábíkẹ́ dúró sẹ́yìn wọn, ó ń wo Julianah tó ń rìn fúnra rẹ̀ láàárín poro ẹ̀fọ́, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá rí i pé òun tí òun ń tẹ̀lé wọn láti ibì kan dé ibì kan láti àná, òun kò tíì dúpẹ́ tòun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi Zulkifli. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ tútù náà níwájú Sístà.

"Ẹ ṣé, Sístà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Dìde, dìde, aṣọ rẹ." Sístà Cecilia fà á sókè, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó sì kó wọn wọ inú ilé ìdáná kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n tó máa lọ.